Tọkọtaya tuntun, ẹbí, àti sẹ́mínárì Lutheran: bí ẹ ó ṣe tò ó láti Ìkòròdú

Ẹni tó gbéyàwó nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ru ẹrù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹbí ń wojú rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ìwé Gíríìkì àti Hébérù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń kó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n ka sẹ́mínárì sí ti Ọlọ́run, wọ́n wá ka ìyàwó sí ti ara, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ Lutheran kò sọ ọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ìpè ni jíjẹ́ ọkọ, ìpè ni jíjẹ́ ọmọ fún òbí, ìpè náà ni dídúró níwájú pẹpẹ. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1525 ni Martin Luther, ẹni tí ìjọ Lutheran ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fẹ́ Katharina von Bora, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà kan rí pé àwọn kò ní ní ọkọ tàbí aya. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ilé wọn ní Wittenberg nílẹ̀ Jámánì, Katharina ló sì ń bójú tó oko, ẹran ọ̀sìn, ọtí tí wọ́n ń pọn, àti owó ilé. Iṣẹ́ ìwàásù Luther kò dúró nítorí ìyẹn.

Àwọn tí ilé wọn wà ní Ìkòròdú àti àyíká rẹ̀, bíi Ìgbógbó, Ìjẹ̀dé, Odògúnyán, tàbí Ẹbúté, la kọ èyí fún. Ọkọ tó wà nílé ìwé la ń bá wí jù, ṣùgbọ́n kí ìyàwó náà jókòó tì í kà á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibo ni ìyàwó máa gbé?

Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ó pẹ́ jù kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé máa wọlé. Ìjọ Lutheran kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá bíi ti Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì. Láàárín àwọn ará Ibesikpo, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, ni Lutheran Church of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1936, Obot Idim nítòsí Ùyó ni sẹ́mínárì wọn sì wà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkòròdú yóò kọ́kọ́ bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12 wọ̀yá ìjà kó tó dé ibùdókọ̀ Jíbówú, lẹ́yìn náà ni yóò wá lo gbogbo ọjọ́ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ibi tí èèyàn lè fò lọ kó sì fò bọ̀.

Bí ìyàwó bá máa tẹ̀ lé yín, ẹ kọ lẹ́tà sí sẹ́mínárì kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé ilé wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìyàwó, yàrá mélòó ni, ta ló ń san owó iná àti omi, àti ṣé wọ́n gba aya akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ta ọjà nínú ọgbà. Ẹ jẹ́ kí èsì wá nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù ló sọ ọ̀pọ̀ tọkọtaya di ẹni tó ń sùn sí ilé ọ̀rẹ́ fún oṣù kan. Ìyàwó tí a bí sí Ìkòròdú yóò sì ní láti kọ́ èdè Ibibio díẹ̀ kó tó lè nájà. Bó bá ti ń lo “sosongo” láti dúpẹ́, àwọn ọlọ́jà á ti máa rẹ́rìn-ín sí i.

Bó bá máa dúró ní Ìkòròdú, ó sàn kó gbé yàrá kan tó jẹ́ tiyín ju kó gbé ilé àwọn òbí yín lọ. Bí kò bá sí owó fún ìyẹn, tí ilé òbí sì ni, ẹ jọ bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó lọ: kí ìyàwó ní ìkòkò àti sítóòfù tirẹ̀, kí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí ó sì yé gbogbo ilé irú ibi tó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé òun ń lọ àti irú ibi tí kò pọn dandan. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló sábà máa ń dájà sílẹ̀ láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ìkòkò méjì á pa á run.

Èrò tiwa ni pé, bí ọ̀nà bá wà rárá, kí ọdún kìíní jẹ́ ọdún àgbépọ̀. Diutarónómì 24:5 ní kí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó má lọ sójú ogun, kó wà nílé fún ọdún kan kó lè máa mú inú aya rẹ̀ dùn. Bí ìyapa bá di dandan, kí ó má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí ẹ tó rí ara yín. Ẹ wá sílé lẹ́ẹ̀kan, kí òun náà wá bá yín lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹ tó san owó mọ́tò rẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ àgbà àdúgbò, nítorí obìnrin kì í jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ka wákàtí ọ̀sẹ̀

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó fún wákàtí méjì láìsí fóònù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ wà fún àsìkò, ìkejì fún owó, ìkẹta fún ẹbí.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ yọ 49 fún oorun, 45 fún kíláàsì àti ìwé kíkà, 10 fún iṣẹ́ ìjọ, 28 fún oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, omi pípọn àti ọjà, àti 14 fún ìrìn. Ó ku 22. Àwọn wákàtí 22 wọ̀nyí ni ilé yín ń gbé lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i: fún àpẹẹrẹ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti aago 6 títí di aago 10 jẹ́ ti ìyàwó, kò sí ìwé, kò sí ìpàdé. Bí ẹ bá jìnnà sí ara yín, kí ìpè fóònù tó gùn wà ní àkókò kan náà.

Ọjọ́ Sátidé ni olè tó ń jí àwọn wákàtí yìí gbé. Òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, aṣọ ẹbí, ìwọ̀nyí kì í tán láyé Yorùbá. Ẹ pinnu pé òde kan péré lóṣù, àyàfi bó bá jẹ́ ti òbí tàbí ọmọ ìyá. Fún ìyókù, ẹ rán owó díẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní àárọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ kí i dáadáa. Àwọn ará ilé kì í bínú sí ẹni tó kí wọn. Ẹni tí wọn kò gbóhùn rẹ̀ ni wọ́n ń bínú sí.

Ní ti Hébérù àti Gíríìkì, ẹ má fi wọ́n de Sátidé. Ẹ gé páálí kékeré, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú kan, kí ìtumọ̀ Yorùbá wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ 10 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 60 lọ́sẹ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìdájí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó sùn. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó máa di páálí náà mú kó máa bi yín ní ìbéèrè láti ojú Yorùbá. Ìwé yóò wọ orí, òun náà yóò sì rí i pé iṣẹ́ yìí kò sé òun mọ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó

Ẹ jẹ́ ká ní ₦100,000 ló ń wọlé lóṣù láti ọjà ìyàwó àti ìrànwọ́ ìjọ. A lè pín in báyìí: oúnjẹ ₦35,000, owó ilé tí ẹ ń kó pamọ́ ₦20,000, mọ́tò àti dátà ₦12,000, ọrẹ ₦10,000, àjọ ₦10,000, ẹbí ₦8,000, ìwé ₦5,000. Bí tiyín bá kéré tàbí bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìpín náà lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹ má pa orúkọ kankan rẹ́ nínú àwọn méje yìí.

Owó ẹbí gbọ́dọ̀ ní iye. Bó bá ti tán, ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí ìyàwó sì mọ gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde lọ sọ́dọ̀ ìyá yín tàbí àbúrò yín. Ìwọ̀n owó náà kọ́ ló ń dùn wọ́n. Pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń dùn wọ́n.

Àṣìṣe tó burú jù tí a mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó ni kí ọkọ fi owó ọjà ìyàwó san owó ilé ìwé. Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ tàbí gààrí ní ọjà Sábó, tó ní ₦80,000 lórí àtẹ, kò ní ₦80,000. Èrè tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀. Bí ẹ bá kó ìyẹn, ó lè gba oṣù mẹ́fà kó tó padà sí bó ṣe wà, àwọn oníbàárà á sì ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ wọ àjọ ènìyàn mẹ́wàá ní ₦10,000 lóṣù, kí ẹ bẹ àwọn ará àjọ pé kí ìkówó yín bọ́ sí oṣù tó ṣáájú owó sáà. Ìyẹn á fún yín ní ₦100,000 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ alájọ ojoojúmọ́, ẹ rántí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀: ẹni tó ń dá ₦500 fún ọjọ́ 30 yóò gba ₦14,500. Owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù, ẹ jìnnà sí i, nítorí bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn àna yín ni wọ́n máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí.

Ní ti ìdámẹ́wàá: ìyàwó tó dàgbà sínú ìjọ mìíràn lè máa bẹ̀rù ègún Málákì bí ẹ kò bá san án lódindi. Ẹ má fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹ ṣàlàyé pẹ̀lẹ́ pé ọrẹ àtọkànwá là ń mú wá nítorí Kírísítì ti ra wá padà, pé a kì í fi rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ mú iye kan tí ọkàn ẹ̀yin méjèèjì gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹbí

Òfin kan ló tó tọ́jú gbogbo rẹ̀: olúkúlùkù ni yóò bá ẹbí tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí Mọ́mì yín bá ní ẹ̀sùn, ẹ̀yin ni kó pè. Bí bàbá ìyàwó bá ní ẹ̀sùn, ìyàwó ni yóò lọ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ má rán ìyàwó sí ìyá yín pé kó lọ sọ fún un pé “kò sí owó.” Òun ni wọ́n máa di ẹ̀bi náà rù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ á dé kí oṣù mẹ́ta tó pé: “Ṣé kò tíì sí nǹkan?” Ìdáhùn tó dára kò gùn: “Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń rántí wa nínú àdúrà. Ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.” Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ara wọn: “Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?”

Láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń rò pé oyún ń pẹ́, láìmọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n ń rí ara wọn ni kò bá a mu. Bí nǹkan oṣù ìyàwó bá ń wá ní ọjọ́ 28, ẹ ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kìíní. Láàárín ọjọ́ 9 sí 15 ni oyún ti lè dúró jù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 32, ẹ sún un síwájú ní ọjọ́ mẹ́rin, kó di ọjọ́ 13 sí 19. Ẹ fi ìyẹn dá ọjọ́ ìrìn àjò. Kí ìyàwó máa lo oògùn folic acid, 400 máíkírógíráàmù lóòjọ́, kí oyún tó dé rárá. Bí ẹ bá ti ń gbé pọ̀ fún oṣù 12 tí oyún kò dé, tàbí oṣù mẹ́fà bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35, ẹ jọ lọ rí dókítà. Ẹ jọ lọ ni a wí. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin rọrùn ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ìkẹyìn. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìkòròdú, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó sì lè dín ìnáwó kù fún ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú.

Nǹkan tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí mú ìyàwó lọ sí ilé wòlíì nígbà tí ẹ kò sí nílé: omi ìwẹ̀, ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, orúkọ “ọ̀tá ilé” tí wọ́n á dá. Ẹ má retí pé òun nìkan ni yóò kọ̀. Ìyàwó ilé kò lè dá kọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀yin ni kí ẹ pe àǹtí náà lọ́jọ́ náà gan-an: “Àǹtí, ẹ kú àníyàn wa. Pásítọ̀ wa ń gbàdúrà pẹ̀lú wa, a sì ti ń rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró síbẹ̀.” Ẹ má bú wòlíì, ẹ má sì bú ìjọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyàwó kí ẹ tù ú nínú pé a ti rì í bọ omi ní orúkọ Baba, Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́, pé kò sí omi mìíràn tó ní ìlérí tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ, ẹ sọ ọ́ tán kí oyún tó dé. Ìjọ Lutheran ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Àna tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi tàbí ọmọ ìjọ Ìràpadà yóò máa retí ìfọmọfún Olúwa. Ọjọ́ kẹjọ tí ilé kún fún àlejò, tí oyin àti iyọ̀ ti wà lórí tábìlì, kì í ṣe ọjọ́ tí a ń jiyàn ẹ̀kọ́ ìsìn. Ẹ lọ bá àwọn òbí ìyàwó nílé wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù. Àwọn ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí náà wà, wọ́n pọ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ lọ kí wọn nígbà Iléyá, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ bá nílò wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbàgbọ́ nínú yàrá méjì

Luther kọ Kátíkísímù Kékeré, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ní 1529 fún ilé, kó jẹ́ bàbá ilé ni yóò máa kọ́ agbo ilé rẹ̀. Ètò àdúrà òwúrọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò gùn: àmì àgbélébùú, Ìgbàgbọ́, Àdúrà Olúwa, àdúrà kékeré kan, lẹ́yìn náà kí o máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú ayọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ti alẹ́ náà parí báyìí: kí o sùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ẹ rí i pé kò ní kí a tún máa jí jà lórí owó lóru. Bí ẹ bá jìnnà sí ara yín, ẹ yan aago kan, bíi 9:30 alẹ́, kí ẹ ka Sáàmù kan náà lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tán. Àdúrà wákàtí kan tí ẹ ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ wá pa tì kò ràn yín lọ́wọ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń wáyé lójoojúmọ́.

Ìyàwó tó ti ìjọ Áńgílíkà wá yóò ṣàkíyèsí pé “bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ” jẹ́ òfin kẹrin lọ́dọ̀ Lutheran, tó sì jẹ́ ìkarùn-ún lọ́dọ̀ tiwọn. Òfin kan náà ni, bí wọ́n ṣe pín in ni ó yàtọ̀. Ẹ má fi ṣe ìjà. Nígbà tí ẹ bá dé ibi “oúnjẹ òòjọ́ wa,” ẹ dúró díẹ̀: Luther ka aya rere, ọmọ, owó, ilé, oko, ojú ọjọ́ tó dára àti aládùúgbò olóòótọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó ń dààmú yín wà nínú àdúrà yẹn. Ẹ máa dárúkọ wọn níbẹ̀: owó ilé, ẹsẹ̀ Mọ́mì, owó WAEC àbúrò.

Ẹ má ṣe wàásù fún ìyàwó yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìyàtọ̀ Òfin (ohun tí Ọlọ́run ń béèrè) àti Ìyìnrere (ohun tí Ó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́) lójoojúmọ́ lè wọlé kó sì máa fi Òfin lu ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́. Bó bá ń ráhùn, ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdá a lóhùn. Ẹ bi í pé: “Ṣé kí n gbọ́ ni, àbí kí n ṣe nǹkan sí i?” Ẹ ṣe èyí tó bá wí. Ẹ má sì jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀. Kó ní pásítọ̀ mìíràn tó lè lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa jẹ́wọ́ fún. Ìjọ Lutheran kò pa ìjẹ́wọ́ ẹlẹ́nìkan tì, Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti 1530, ìwé tí àwọn Lutheran fi sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, sọ ọ́ kedere, àlùfáà kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí rẹ̀. Ó sàn kó má jẹ́ olùkọ́ tó ń máàkì ìwé yín, nítorí ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹ sọ òótọ́.

Bí ìròyìn àìsàn bá dé lọ́sẹ̀ ìdánwò

Èyí á ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó parí. Ẹ má kó aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ọsibítù wo ni wọ́n wà, kí ni dókítà sọ, èló ni wọ́n ń béèrè lónìí? “Bàbá ò gbádùn” lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Bí ìyàwó bá wà ní Ìkòròdú, òun ni kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kó sì fi fóònù jẹ́ kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ pe pásítọ̀ ìjọ tó sún mọ́ wọn jù láti lọ bẹ̀ wọ́n wò. Bí ó bá di dandan kí ẹ lọ, ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó ṣe ìdánwò tó kù, kí ẹ sì gba ìdáhùn nínú ìwé. Ẹni tó lọ láìsọ máa ń padà wá bá òdo níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò àárọ̀, ẹ má wọ ti òru. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà, kí owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ wà lọ́tọ̀ nínú àpòòwé kan lọ́dọ̀ yín, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ìyàwó, kí ẹ̀yin méjèèjì sì gbà pé a kò gbọ́dọ̀ fi ra ìwé.